KÍKA ÈNÌYÀN YÀTỌ̀ SÍ KÍKA ÈNÌYÀN SÍ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó sí, kí ẹ kà á tán kí ẹ tó kọ "Àmín" sí ìsàlẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa lemọ́lemọ́. Wọ́n á ní: "Dádì, ìjọba wo lẹ ń sọ? Àwa la dáwó ra tíránsífọ́mà àdúgbò wa. Àwa la gbẹ́ kànga wa. Àwa la ń sanwó fún ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru. Nígbà tí òjò bá ba títì jẹ́, àwa náà la ń ra yẹ̀pẹ̀ àti òkúta dí kòtò. Kí wá ni ti owó orí? Kí ni ti ìbò?"

A kò ní bínú sí ẹni tó bá béèrè bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ mọ̀ pé onílé kan níbí, ìjọba ìbílẹ̀ kékeré ni nínú ilé rẹ̀: ó ní omi tirẹ̀, iná tirẹ̀, ọlọ́dẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbéèrè yẹn ń gbé wa lọ ni kò dára. Bí a bá ní a ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìjọba mọ́, ìjọba á ṣì máa ní nǹkan ṣe pẹ̀lú wa. Á máa kà wá, á máa gba owó ní orúkọ wa. Ohun tí kò ní ṣe ni pé kó kà wá sí.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ. Ìjọba lè ka èèyàn láì ka èèyàn náà sí. Àwọn bàbá àti ìyá wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, wọ́n sì fi dandan mú ìjọba tó kà wọ́n pé kó kà wọ́n sí. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é, àti bí ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa.

1. OHUN TÍ BÍBÉLÌ FI HÀN WÁ

Ẹ wo ìwé Ẹ́kísódù orí 30. Nígbà tí wọ́n bá ka àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, olúkúlùkù ẹni tí wọ́n kà á mú ìdajì ṣékélì wá. Olówó kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, tálákà kò gbọdọ̀ san kéré sí i. Iṣẹ́ àgọ́ ìpàdé, tí gbogbo èèyàn ń fojú rí, ni wọ́n fi owó náà ṣe. Ìyẹn ni kíka tó dára: a kà ọ́, o san tìrẹ, o rí ohun tí wọ́n fi ṣe.

Wá ṣí Sámúẹ́lì Kejì orí 24. Dáfídì náà ka èèyàn, ṣùgbọ́n agbára ogun rẹ̀ ló fẹ́ mọ̀. Jóábù, tí kì í ṣe ẹni mímọ́ rárá, kìlọ̀ fún un. Kò gbọ́. Ẹgbẹ̀rún 70 èèyàn ló kú nínú àjàkálẹ̀ àrùn tó tẹ̀ lé e. Ẹ wá fi wé olùṣọ́ àgùntàn inú Lúùkù 15. Òun náà ń ka àgùntàn. Ṣùgbọ́n torí pé ó ń kà wọ́n sí ló ṣe mọ̀ pé ọ̀kan ti dín nínú 100, tó sì wá a lọ.

2. OWÓ OMI NÍ ÈKÓ

Ní 1908, Gómìnà Walter Egerton, tó ń ṣàkóso fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé e kalẹ̀ pé omi ẹ̀rọ yóò wọ Èkó, àwọn ará ìlú ni yóò sì máa san owó omi náà. Ẹ̀yin ará, omi ẹ̀rọ kì í ṣe nǹkan búburú. Ohun tó dun àwọn ará Èkó ni pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní kànga lágbàlá wọn. Ó sì hàn sí wọn pé ìtura àwọn òyìnbó ni ìjọba ń rò kó tó ro tiwọn.

Lọ́dún náà ni Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní People's Union. Èrò wọ́ lọ sí ilé gómìnà. Herbert Macaulay náà wọ ìjà yìí. Ṣé wọ́n borí? Rárá o. Ilé iṣẹ́ omi Ìjù, tí kò jìnnà sí wa níbí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1915, owó omi sì dé lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo tún sọ ní 1916.

Ṣùgbọ́n wọn ò pàdánù gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ́ bí a ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, bí a ti ń kọ̀wé ẹ̀sùn, bí a ti ń lo ìwé ìròyìn. Nígbà tó di 1923, àwọn ará Èkó dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n yan èèyàn mẹ́ta. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọkùnrin nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ máa rí tó pọ́n-ùn 100 lọ́dún. Ìyá wa kankan kò lè dìbò. Alápatà, kápẹ́ńtà, àgbẹ̀, gbogbo wọn dúró síta, wọ́n ń wò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

3. ÀWỌN OBÌNRIN ABẸ́ÒKÚTA

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1918 kò yọ obìnrin sílẹ̀. Ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í san ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin ní ọmọ ọdún 16. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ọmọbìnrin kan bá sọ pé òun ò tíì tó sísan, àwọn agbowó orí kan máa ń bọ́ ọ sí ìhòòhò láti wo ọmú rẹ̀ bóyá ó ti dàgbà. Ìyẹn ni ìjọba tó ń ka èèyàn láì kà á sí. Lásìkò ogun Hitler, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà láì san iye tó yẹ.

Olùkọ́ni kan wà níbẹ̀, Arábìnrin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọmọ ìjọ, ìyàwó àlùfáà. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó kàwé ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọjà, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Láti ibi ìwé kíkà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì ti jáde, ọ̀rọ̀ owó orí sì tẹ̀ lé e. Ní 1946, ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ń ṣe ìpàdé ìyá ìjọ, ẹ má fojú kékeré wò ó o.

Ohun tí wọ́n ṣe tó jọ wá lójú jù lọ kì í ṣe ariwo. Wọ́n gba oníṣirò owó kan, wọ́n ní kó bá wọn wo ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni owó kò tó, kí wọ́n tó fi kún tiwọn. Ìyá aláṣọ àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ló ń béèrè ìwé owó lọ́wọ́ ìjọba o, láyé òyìnbó!

Nígbà tí ìjọba kò dá wọn lóhùn, wọ́n jáde. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó jókòó síwájú ààfin Aláké, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Wọ́n tún padà lọ lóṣù kejìlá. Ọlọ́pàá yìn wọ́n ní tajútajú. Wọn ò tú ká. Nígbẹ̀yìn, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 1949, Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Obìnrin sì wọ inú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú.

A kò sọ ìtàn yìí láti bú Kábíyèsí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọba kúrò láàárín àwọn ìjòyè tó ń bá a gbìmọ̀, tó sọ ọ́ di aláṣẹ kan ṣoṣo, tó sì fi í ṣe agbowó orí fún ara rẹ̀. Ṣáájú kí òyìnbó tó dé, ọba Yorùbá ò jẹ́ dá ṣe é. Aláké padà sórí ìtẹ́ ní ìparí 1950, ó sì wà níbẹ̀ títí tó fi wàjà. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó lè ṣàkóso Abẹ́òkúta bí ẹni pé kò sí obìnrin níbẹ̀. Àwọn àgbà ní ọba tó jẹ tí ìlú tòrò, a ò ní gbàgbé rẹ̀. Ọba tó jẹ tí ìlú tú, a ò ní gbàgbé òun náà.

4. OWÓ ORÍ TÍ WỌ́N FOJÚ RÍ IṢẸ́ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a ń sọ pé owó orí burú. Ẹ jẹ́ ká wo òdìkejì. Lọ́jọ́ yẹn, Ìkọ̀tún àti Ìgándò kò tíì sí lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, torí ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn la wà.

Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n bu owó lé àwọn èèyàn lórí. Inú bí ará ìlú. Ní ìdìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ Action Group fìdí rẹmi nílẹ̀ ara wọn. Ìjọba gba ìyà náà, ṣùgbọ́n wọn ò pa iṣẹ́ tì. Ní oṣù kìíní 1955, ilé ìwé ṣí, iye ọmọ tó wọlé lọ́dún náà lé ní 800,000. Ọmọ àgbẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ olóyè. Nígbà tí ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn dé ní 1956, àwọn èèyàn kan náà tó bínú padà dìbò fún ẹgbẹ́ náà. Kí ló yí wọn lọ́kàn padà? Wọ́n rí ohun tí wọ́n fi owó wọn ṣe.

5. ÀGBẸ́KỌ̀YÀ

Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1968, nǹkan ti yí padà. Ìjọba ológun ló wà níbẹ̀, Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀, ogun abẹ́lé sì ń jẹ owó. Owó kòkó tó ń wọ ọwọ́ àgbẹ̀ kò tó nǹkan, owó orí sì ń ga pẹ̀lú oríṣiríṣi owó mìíràn lórí rẹ̀. Kò sí ìdìbò tí wọ́n lè fi bínú bíi ti 1954. Àwọn agbowó orí ń ya wọ abúlé, wọ́n ń mú àgbẹ̀ bí ẹni mú ẹran. Títì abúlé náà kò ṣeé rìn.

Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ kóra jọ, Táfà Adéoyè sì di ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú wọn. Ní oṣù kọkànlá 1968, wọ́n dé Màpó. Ṣílè 30 ni wọ́n ní àwọn máa san, kì í ṣe pọ́n-ùn 8 tí gbogbo rẹ̀ ń di fún wọn. Láti ibẹ̀ ló ti di ìjà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí bọ́, ti àgbẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní 1969, wọ́n pa ọba. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Awólọ́wọ̀ ló bá wọn sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, tí ìjọba fi dín owó orí kù sí pọ́n-ùn 2, tí wọ́n sì dáwọ́ lílépa àgbẹ̀ dúró.

A kì í fi ìwà ipá yangàn nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Réhóbóámù nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 12. Àwọn èèyàn wá bá a wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ní kó sọ àjàgà di fúyẹ́, àwọn á sì sìn ín. Àwọn àgbà ní kó fi sùúrù dá wọn lóhùn. Kò gbà. Ẹ̀yà mẹ́wàá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìjọba tí kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́, ohùn líle ló ń pè wálé.

6. EPO RỌ̀BÌ DÉ, A ṢÁN LỌ

Ẹ̀yin ará, ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ní àwọn ọdún 1970, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ nílò pọ́n-ùn 2 àgbẹ̀ mọ́. Wọn ò lé àgbẹ̀ nínú igbó mọ́, inú wa dùn. Àṣé nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ wa tí a ò fura. Ẹni tí kò nílò owó rẹ, kò nílò ìgbọ́ràn rẹ. Owó ń ti ibùdó epo lọ sí àpò ìjọba àpapọ̀, wọ́n á wá pín in fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Àwa àti ìjọba la jọ gbójú lé ogún epo.

Láti ìgbà náà, ìwúlò wa di iye. Èèyàn mélòó lẹ jẹ́? Ìjọba ìbílẹ̀ mélòó lẹ ní? Ìyẹn ni wọ́n fi ń pín owó, pẹ̀lú apá ńlá kan tí wọ́n ń pín lọ́gbọọgba láì wo iye èèyàn.

7. ÀWA ARÁ ALÍMỌ̀ṢỌ́ NÍNÚ ÌṢIRÒ

Ẹ wá wo tiwa. Ní oṣù kẹta 2006, wọ́n ka gbogbo Nàìjíríà. Àjọ ìkànìyàn ní àwa ará Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù 1.2. Ìjọba Èkó, tó ṣe ìkànìyàn tirẹ̀, ní a lé ní mílíọ̀nù 2. Fún gbogbo Èkó, àjọ náà ní mílíọ̀nù 9. Èkó ní ó lé ní mílíọ̀nù 17. Títí di òní, wọn ò tíì tún ènìyàn kà. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìgándò lọ́dún tí wọ́n kà wá ti dàgbà, ó ti tó ìbò dì, kò sì sí nínú ìṣirò kankan.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà ń kọ́? Òfin 1999 ka ìjọba ìbílẹ̀ 20 fún Èkó, ó ka 44 fún Kánò. Gbogbo wa níbí, láti Ìkọ̀tún dé Abúlé-Ẹ̀gbá, ẹyọ kan ṣoṣo la jẹ́ nínú ìwé yẹn. Ìjọba Gómìnà Bọ́lá Tinúbú nígbà náà wá pín Èkó sí 57. Alímọ̀ṣọ́ di mẹ́fà: Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, Àgbádó/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìkọ̀tún-Ìgándò, àti Mosan-Okunola. Ní 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Èkó gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá 2004, àwọn adájọ́ ní ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró. Wọ́n tún ní àwọn kansù tuntun náà kò tíì dúró tán, àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Wọn ò tíì kọ ọ́.

Ẹ wò ó, erin méjì jà, koríko ló fara gbá a. Kò sẹ́ni tó bi ará Ìkọ̀tún léèrè kí wọ́n tó dá owó náà dúró.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ̀rọ̀: owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lọ́wọ́ gómìnà mọ́, kansù tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ gbà á. Ìdájọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tí owó náà jẹ́ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ lọ béèrè rẹ̀.

Bíbéèrè sì ń ṣiṣẹ́ o! Ní 2018, Èkó gbé owó ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Land Use Charge ga lójijì. Àwọn onílé, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò pariwo. Láàárín oṣù díẹ̀, ìjọba gé e kù, ti ilé ìṣòwò wálẹ̀ ní ìdajì. Kò sí ẹni tó fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí pé a ní a máa padà sí ọ̀rọ̀ ìbò. Ní 1923, ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa àti gbogbo ìyá wa fẹ́ dìbò, òfin kò gbà wọ́n. Ní ìdìbò gómìnà Èkó ní 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 7 tó ti forúkọ sílẹ̀, àwọn tó dìbò kò sì tó mílíọ̀nù 1.2. A mọ̀ pé ẹ̀rù ba àwọn kan, jàgídíjàgan wà níbi kan, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa, ilé la wà, a ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwọn ìyá wa, òun la ṣí sílẹ̀ tí a ò gbà wọlé.

8. KÍ NI KÁ ṢE?

A ò ní kí ẹ tẹ̀lé ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ìjọ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì ìbò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ẹ mọ kansù yín, kí ẹ mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà, a ò mọ kánsẹ́lọ̀ tó ń gbé ní òpópónà kejì.

Ẹ mọ iṣẹ́ kansù. Ó wà nínú ìwé òfin: ọjà, gáréèjì, títì àdúgbò, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, àti ipa tirẹ̀ nínú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ẹ má lọ béèrè afárá lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀. Gọ́tà ni kí ẹ béèrè.

Ẹ máa lọ sí ìpàdé onílé àti ti àdúgbò, ẹ̀yin ayálégbé náà. Iye tí ẹ bá dá fún tíránsífọ́mà tàbí títì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pa rìsíìtì mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ìwé yẹn síwájú alága kansù, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀. Ìṣirò lẹ mú wá, bíi ti àwọn ìyá Abẹ́òkúta.

Bí ìkànìyàn bá dé, ẹ dúró kí wọ́n kà yín. Bí ọjọ́ ìbò bá dé, ẹ jáde.

Kí ẹ sì máa gbàdúrà fún àwọn tó wà nípò. Pọ́ọ̀lù nínú Róòmù 13 pe aláṣẹ ní ìránṣẹ́ Ọlọ́run fún ire wa. Ìránṣẹ́ ni, ìránṣẹ́ sì máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí a kò bá rán an níṣẹ́, tí a ò sì béèrè èsì, ta la fẹ́ bá wí?

Olùṣọ́ Àgùntàn tó mọ̀ nígbà tí ọ̀kan bá dín nínú 100, kò ní jẹ́ kí Alímọ̀ṣọ́ di ẹni ìgbàgbé. Ìjọba tó máa kà wá sí, Ọlọ́run á fún wa. Àwa náà, a ò ní sùn lọ́jọ́ tó yẹ ká dìde. Ní orúkọ Jésù.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ìpàdé àdúgbò yín. Kí ẹ sì kọ ọ́ sísàlẹ̀: kí ni orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín? A ń retí yín o.